Tí Odò Bá Kún ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ibi Tó Ṣeé Lọ Gbafẹ́

Ojú ọ̀run lè mọ́ rekete ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí oòrùn máa ràn, kí odò tí ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ wẹ̀ sì ti kún dé bèbè. Òjò orí òrùlé wa kọ́ ló ń sọ bí odò ṣe máa ga. Òjò tó rọ̀ lókè odò ni, pẹ̀lú irú ilẹ̀ tó rọ̀ sí, àti bí ilẹ̀ náà ṣe ti mu omi yó tó kí òjò ọ̀hún tó dé. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi sánmà nìkan ṣe ìpinnu. Omi fúnra rẹ̀ ló máa lọ wò.

Ẹ wo Ọ̀ṣun. Odò kan náà tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ ní Òṣogbo lóṣù Kẹjọ ló ń gba Aṣẹ́jírẹ́ kọjá, tó ń wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó ń gba abẹ́ títì márosẹ̀ Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, kó tó já sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Omi tí ẹ rí lábẹ́ afárá lónìí ti rìn láti ọ̀nà jíjìn, ó sì lè jẹ́ òjò ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Odò Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn wá kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò alágbára kan rọ̀ ní Ìbàdàn, odò kún bo afárá àti ilé, ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ló sì bá a lọ. Oṣù Kẹjọ ni o, oṣù tí gbogbo wa máa ń sọ pé òjò ń sinmi. Omi tó bá sì rọ̀ ní Ìbàdàn kì í dúró ní Ìbàdàn, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀.

Ilẹ̀ tiwa gan-an kò rí bákan náà níbi gbogbo. Lápá Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, àpáta ló wà nísàlẹ̀. Omi òjò kì í ríbi wọ̀ dáadáa, orí ilẹ̀ ló ń gbá lọ sínú odò. Láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí gúúsù, àti ní púpọ̀ nínú Rẹ́mọ, yanrìn àti ilẹ̀ pupa tó jinlẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń fa omi mu, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí odò kékeré kan lẹ́bàá Àgọ́-Ìwòyè fi lè kún láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn òjò ńlá, kó sì ti fà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, nígbà tí èyí tó wà lápá Òdógbólú á pẹ́ kó tó ga, á sì tún pẹ́ kó tó relẹ̀.

Oṣù náà ní tirẹ̀ tó ń ṣe. Òjò wa máa ń le lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lóṣù Kẹfà sí Keje, àti lóṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Òjò tó bá rọ̀ fún wákàtí méjì lóṣù Kẹrin, ilẹ̀ tó gbẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á fa púpọ̀ mu nínú rẹ̀. Irú òjò kan náà lóṣù Kẹsàn-án, tààrà sínú odò ni, nítorí ilẹ̀ ti yó. Ẹni tó bá fi ojú oṣù Kẹrin wo odò oṣù Kẹsàn-án ń fi ẹ̀mí wewu.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣètò ìjáde, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni pé irú omi wo lẹ ń lọ bá. Wákàtí la fi ń ka ti odò kékeré. Ọjọ́ la fi ń ka ti odò ńlá bí Ọ̀ṣun. Ọ̀sẹ̀ la fi ń ka ti ọ̀sà. Àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àjọ NIHSA náà sì máa ń gbé ti àkúnya omi jáde pẹ̀lú orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ṣeé ṣe kí omi dà láàmú. Wọ́n wúlò fún ẹni tó fẹ́ yan oṣù. Wọn kò lè sọ fún yín bóyá kí ọmọ yín wọ odò ní agogo méjì ọ̀sán òní.

Odò kékeré àti ibi ìlúwẹ̀ẹ́

Yemòjí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n kà mọ́ ibi ìgbafẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí omi àdánidá tí ènìyàn lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, Ìbù lápá Ṣágámù, àti àìmọye odò tí kò lórúkọ lẹ́nu ará ìta, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń lọ. Ibẹ̀ náà ni omi ti ń yí padà kíákíá jù.

Omi tó ń bọ̀ máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Omi tó mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ewé àti ẹ̀ka tútù á máa ṣàn kọjá níbi tí kò ti sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ìhó á kó jọ sétí òkúta. Ìró odò á wúwo sí i, á ṣe bí ẹni pé ó ti inú ilẹ̀ wá. Kí ẹ má baà gbára lé ojú nìkan, gbàrà tí ẹ bá dé, ẹ ri igi tín-ín-rín kan mọ́ etí omi gan-an níbi tí omi ti pín pẹ̀lú ilẹ̀. Tí omi bá ti gùn ún tó ìbú ọwọ́ kan, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 10, láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde. Ẹ má dúró wo bóyá yóò tún gùn sí i. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn tó wà ní òdìkejì odò, nítorí àwọn ni omi máa há mọ́.

Ṣùgbọ́n odò lè ti kún tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó dé, kí ó máa ṣàn geere láìsí ariwo, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé ó ju agbára ọmọ lọ. Ọsàn kan ṣoṣo ló máa sọ fún yín.

Ẹ mú odindi ọsàn tí wọn kò tíì bó. Ó máa ń léfòó, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ wà nínú omi, nítorí náà afẹ́fẹ́ kò lè máa tì í bó ṣe ń ti ike omi tó ṣófo. Ọsàn bíbó kò dára fún un, ó lè rì. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wọn mítà 10 lẹ́bàá odò, níbi tí odò ti tọ́, ẹ ri igi sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Kí ẹnì kan ju ọsàn sí àárín ìṣàn, lókè igi àkọ́kọ́ díẹ̀, kí ọsàn lè ti bá eré omi mu kó tó dé ojú igi. Kí ẹlòmíràn fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà láti igi kan dé èkejì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ mú èyí tó yára jù. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá pín 10, eré omi nìyẹn ní mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 20, eré rẹ̀ jẹ́ 0.5. Tó bá gba 10, ó jẹ́ 1.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀pá gígùn wọn bí omi ṣe jìn tó níbi tí ènìyàn máa dúró, ní mítà, kí ẹ fi ìjìnlẹ̀ náà sọ eré omi di púpọ̀. Tó bá ti dé 0.4, omi lè gba ẹsẹ̀ ọmọdé. Tó bá dé 0.6, àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ́gẹ́ẹ́gẹ́. Tó bá dé 0.8, kò sí alágbára tó yẹ kó wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó: omi tó jìn ní 0.8 mítà, tí eré rẹ̀ jẹ́ 0.5, ti dé 0.4 tí ó jẹ́ òpin fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, tí ojú rẹ̀ sì dà bí èyí tó tutù pẹ̀sẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò yọ̀ ni ìṣirò yìí wà fún. Níbi tí òkúta ti ní ewéko tó ń yọ̀, àwa á gé gbogbo iye náà sí ìdajì.

Ìdí tí ojú fi ń tan ènìyàn jẹ ni pé agbára omi kì í bá eré rẹ̀ pọ̀ lọ́gbọọgba. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ẹsẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Odò tí ẹ fẹsẹ̀ là kọjá lóṣù Kejì lè fi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 péré ga sí i lóṣù Kẹfà, kí ó sì gbé yín.

Níbi tí omi ti kún, ohun tó ń pani jù kì í ṣe ìjìnlẹ̀. Igi tó ṣubú dábùú odò ni, tàbí oparun tó tẹ̀ wọ inú omi. Omi á gba àárín ẹ̀ka kọjá, ṣùgbọ́n ènìyàn kò ní kọjá. Ìṣàn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò ní jẹ́ kó gbórí sókè. Ojú páìpù tó gba abẹ́ títì kọjá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ní ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń wọlé, ó ń fà, bí ojú omi kò tilẹ̀ mì. Kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni wọ omi, ẹ rìn tó 100 mítà lọ sísàlẹ̀ odò kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Tí igi bá dábùú, ibi yẹn kò ṣeé wẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ibi tí ẹ dúró sí dára tó.

Ọ̀pá ìwọn omi: iṣẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo àdúgbò máa jẹ àǹfààní rẹ̀

Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ etí odò wa kò ní ọ̀pá ìwọn kankan. Ẹnu la fi ń sọ pé omi ga tàbí kò ga. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda baálẹ̀ tàbí olóríitún (olórí àdúgbò), lè ri ọ̀kan láàárín ọjọ́ kan. Ìyọ̀ǹda yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ibòmíì wà létí odò tó jẹ́ ojúbọ, tí wọn kò ní fẹ́ kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, lóṣù Kìíní tàbí Kejì, nígbà tí omi bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ra páìpù irin mítà 3. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ fi kọnkéré dì í: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn ìwọ̀n méjì, òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n mẹ́rin. Ìdajì báàgì sìmẹ́ńtì tó ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ fi igi ti páìpù náà dúró ṣánṣán fún ọjọ́ mẹ́ta kí kọnkéré lè gan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà olóróró kùn ún, pupa àti funfun, sẹ̀ǹtímítà 10 kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí gbogbo ìdajì mítà. Ọ̀dà olómi kò ní pẹ́ kó tó ṣí.

Ibi tí ẹ rì í sí ló máa sọ bóyá yóò pẹ́. Tó bá wà láàárín ìṣàn, igi tó ń bá omi bọ̀ á gbá a wó nínú òjò ńlá àkọ́kọ́. Tó bá wà nínú ọgbun tí omi ti dúró, kò ní sọ òótọ́ nígbà tí omi bá ń gùn kíákíá. Ibi tó dára ni ẹ̀yìn òpó afárá tàbí ẹ̀yìn òkúta ńlá, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ẹ ti lè ríran kà á láti òkè bèbè láì wọ omi. Tí afárá kọnkéré bá wà, kò sídìí láti ri páìpù. Ẹ kùn ún sára òpó afárá náà.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń gbàgbé. Omi tó kún máa ń gbẹ́ ilẹ̀ odò, ó sì lè tẹ ọ̀pá tàbí kó gbé e díẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá rì í, ẹ kan ìṣó ńlá kan mọ́ ara afárá tàbí igi líle tó wà lókè, kí ẹ fi okùn àti ìwọn kọ́lékọ́lé wọn bí ìṣó yẹn ṣe ga ju òdo ọ̀pá lọ. Lọ́dọọdún, ẹ tún un wọ̀n. Tí iye náà bá ti yí padà, ọ̀pá ti yẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ẹ máa kà á, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní àkókò kan náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò: orúkọ ibẹ̀, agogo, iye, àti bóyá ó ń gùn tàbí ó ń fà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. 80 tó ń fà sàn ju 60 tó ń gùn lọ.

Ẹ má ya iye tí wọ́n ń lò ní odò mìíràn. Ẹ fi òjò kan wá tiyín: iye tí omi wà nígbà tí àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ omi, iye tó wà nígbà tí ìṣirò ọsàn bá dé 0.4, iye tó wà nígbà tí ọ̀nà ẹsẹ̀ bá bò. Iye kejì ni kí ẹ fi ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sàmì sí. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀

Ìgbà mìíràn, odò fúnra rẹ̀ kò burú, ọ̀nà ibẹ̀ ni kò ṣeé gbà mọ́. Omi tó ń ṣàn lórí títì ní sẹ̀ǹtímítà 15 lè gba ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ní 30, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Ní 60, ó lè gbé púpọ̀ nínú ọkọ̀, títí kan jíìpù. Ọlọ́kadà tó ní òun mọ ojú ọ̀nà dáadáa mọ ọ̀nà tó wà níbẹ̀ lánàá. Kò mọ̀ bóyá omi ti gbẹ́ etí títì lóru.

Afárá onípákó inú oko yàtọ̀. Pákó fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà tí omi bá kan abẹ́ rẹ̀, omi á máa gbé e sókè, ìṣó nìkan ló kù tó dì í mú. Tí omi bá ti ga dé ibi tí kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí abẹ́ pákó, ẹ má gbà á. Lẹ́yìn tí omi bá fà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ pákó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé ara lé e. Èyí tó bá ta sókè ti bọ́ nínú ìṣó.

Ní Erédò Ṣungbọ́, omi odò kọ́ ni ìṣòro tó pọ̀ jù bí kò ṣe ògiri rẹ̀. Yàrà yìí gùn tó 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ibòmíì sì wà tí ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri. Ilẹ̀ pupa ni, tó bá ti mu omi yó, ó ń ya lulẹ̀. Níbi tó bá ti kan àbàtà, ìsàlẹ̀ yàrà á di irà. Ẹ gba orí òkè rẹ̀ lásìkò òjò, ẹ sì jìnnà sí etí.

Igbó Ọmọ, lápá ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti fi ṣe igbó ọba láti 1925, tí UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó tó ń dáàbò bò ní 1977, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ lọ́kàn òjò láìní ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Oṣù Kọkànlá sí Kejì ló dára. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ ṣáájú, ẹ pe àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà, kí ẹ bi wọ́n nípa ọ̀nà ẹ̀yìn J4, ìyẹn ibùdó kan nínú igbó náà, kí ẹ sì gbé ṣọ́bìrì àti okùn ìfàkọ̀ dání.

Ọ̀sà: Ìwópin, Mákùn-Omi àti gbogbo Etí Omi

Ibí yìí ni àwọn àlejò ti máa ń ṣìnà jù, nítorí omi ọ̀sà kì í pariwo. Ọ̀ṣun, Ṣaṣà àti Ọmọ ń já sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ọ̀sà náà kò sì ní ẹnu tó ṣí sí òkun nítòsí. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ Ẹ̀pẹ́ lọ sínú ọ̀sà Èkó, kó tó gba ẹnu kan ṣoṣo lọ sókun. Ìdí nìyẹn tí èbúté fi lè wà lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òjò ti dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá rí i pé odò ìlú òun ti fà lóṣù Kẹwàá, tó wá rò pé ọ̀sà náà ti fà, ń tan ara rẹ̀.

Nígbà tí omi bá ga, àwọn igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ fún àwọ̀n àti ìdẹ ẹja máa ń bò mọ́lẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ẹ máa rí orí wọn, lóṣù Kẹwàá ẹ kò ní rí i. Ọkọ̀ onígi tó ń fi àjẹ̀ rìn á kàn kọlu ún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń sáré lè fọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí kó ya lára. Awakọ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ nìkan ni kó gbé yín, kì í ṣe ẹni tó wá láti òkè pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun.

Ewéko tó ń léfòó lórí omi náà á pọ̀ sí i, nítorí odò tó kún ló ń já a gbà láti etí bèbè, tó ń kó o wá. Ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, ó sì ń dí ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tútù. Ẹ máa wo omi tínrín tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Tó bá dáwọ́ dúró, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kó gbé e sókè, kó já ewéko kúrò. Tó bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan wà á bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè jóná, ẹ ó sì wà láàárín ọ̀sà láìní agbára. Kí ọkọ̀ ní àjẹ̀ méjì ó kéré tán, bó tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ wo bí etí rẹ̀ ṣe ga sí omi nígbà tí gbogbo èrò ti jókòó. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 30, èrò ti pọ̀ jù. Láífù jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lára, kí gbogbo okùn rẹ̀ di, kì í ṣe kí ẹ jókòó lé e. Fún ọmọ, ẹ fà á sókè ní èjìká. Tó bá gòkè kọjá etí ọmọ, ó tóbi jù, yóò bọ́ nínú omi. Ẹ lọ láàárọ̀ kí ẹ sì padà kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, nítorí ọwọ́ ọ̀sán ni ìjì òjò ń pọ̀ jù. Àjọ NIWA, tó ń bójú tó ọ̀nà orí omi, ti fòfin de ìrìn òru lórí omi. Ẹ má bá awakọ̀ tó ní kò séwu ṣe é.

Lẹ́yìn tí omi bá fà

Odò tó ti fà kì í ṣe odò tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bèbè rẹ̀ gan-an ló léwu jù ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Nígbà tí omi ga, omi ń ti bèbè láti ìta, nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀ kíákíá, bèbè ṣì kún fún omi, kò sì sí ohun tó tì í mọ́. Ó lè ya lójijì pẹ̀lú ẹni tó dúró lórí rẹ̀. Ẹ jìnnà tó mítà 2 sí etí rẹ̀, pàápàá tí ẹ bá rí ìlà fífọ́ nínú ilẹ̀.

Nísàlẹ̀ omi, yanrìn ti kúrò níbi tó wà. Ibi tí ọmọ ti ń dúró dé orókún lè ti di ọgbun. Kí àgbàlagbà kan wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, kí ó fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó la gbogbo ibi tí wọ́n máa wẹ̀ kọjá kí ẹlòmíràn tó wọlé. Kí ó wọ bàtà, nítorí ìgò fífọ́ àti irin ti bá omi wá. Ejò náà ti sá lọ sí ibi gíga, nítorí náà ẹ wo abẹ́ ìjókòó àti inú ahéré kí ẹ tó jókòó.

Omi tó gbá orí ilẹ̀ wá ti gbá ìgbẹ́, ìtọ̀ eku àti ohun tó wà nínú gọ́tà lọ́nà. Ẹ dúró ó kéré tán wákàtí 48 lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ sì tún dúró títí tí ẹ fi lè rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín nínú omi tó dé orókún. Ẹni tó ní egbò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àtọ̀sí ajá ní tirẹ̀, ìgbín kéékèèké inú omi tí kò ṣàn púpọ̀ ló ń gbé e, kòkòrò rẹ̀ sì ń gba awọ ara wọlé. Nítorí náà, adágún kéékèèké tí odò fi sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ nígbà tó fà, bó ti wù kó mọ́ tó, kì í ṣe ibi ìṣeré ọmọ.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́

Okùn ike mítà 20, tí ó nípọn tó mílímítà 8 sí 10, irú èyí tó ń léfòó. Ẹ so ó mọ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 5, kí ẹ bu omi tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sínú, kí ẹ dé e pa. Omi díẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó ṣeé jù jìnnà. Kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo, afẹ́fẹ́ á gbé e padà. Ẹ jù ú kọjá ẹni náà, kí okùn lè bọ́ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Ẹni tó jù ú kò gbọdọ̀ wé okùn mọ́ ọwọ́ tàbí so ó mọ́ ìbàdí. Kò sì gbọdọ̀ bẹ́ sínú omi tẹ̀lé e: ọ̀pọ̀ ìgbà ni òkú méjì fi ń wà níbi tí ó yẹ kó má sí ọ̀kan.

Ẹni tí omi bá ń gbé lọ, kí ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, kí ó má gbìyànjú láti dìde dúró nínú omi tó ju orókún lọ, nítorí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta. Kí ó máa fi ọwọ́ wa ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Igi tó dábùú nìkan ló yàtọ̀: tó bá rí i níwájú tí kò lè yẹ̀ ẹ́, kí ó yí padà, kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a pẹ̀lú orí níwájú, kí ó sì gùn ún.

Tí wọ́n bá gbé ẹni tí kò mí jáde, ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Àkókò lẹ ń fi ṣòfò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 fún àgbàlagbà, ní eré ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fẹ́ èémí méjì, kí ẹ tún tẹ 30. Kí ẹlòmíràn pe 112. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ fi dé.

Ní ti Ojúdé Ọba, tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ wá odò lọ: ọjọ́ kẹta Iléyá ni, nítorí náà ó ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2024, ó bọ́ sí 18 oṣù Kẹfà, ní 2025, sí 8 oṣù Kẹfà, inú ọwọ́ òjò gan-an. Láàárín ọdún mélòó kan sí i, yóò ti wọ oṣù Kẹrin, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń fa omi mu, tí odò kékeré sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ mú àlejò yín lọ sí Òkè-Erí àti orí Erédò láàárọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́bàá odò ka ọ̀pá fún yín kí ẹ tó gbé ọmọ sínú ọkọ̀.